Ẹ̀bùn Kò Parí Lọ́jọ́ tí A Gbé E Kalẹ̀: Àlàyé Lórí Ètò Kọ̀ǹpútà tí Ń Kàwé fún Aláìríran

Nínú ìwé àjọ̀dún bí èyí, àṣà wa ni láti ka àwọn ẹ̀bùn tí ilé-ẹ̀kọ́ rí gbà, kí a sì dárúkọ ẹgbẹ́ tí ó mú wọn wá. A ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ojú ewé mìíràn. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀bùn náà lẹ́yìn tí a ti ya fọ́tò tán, àti ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nínú rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ni ẹ̀bùn náà. A tò wọ́n sí ilé-ìkàwé fún ìlò gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, pàápàá jù lọ ọmọbìnrin kan tí kò ríran, ẹni tí ó wà ní SS 2 nígbà náà. Ní sáà kẹta ọdún 2024, ọmọ náà tọ alábòójútó ilé-ìkàwé wa lọ. Ó ní ojú ìwé tí àwọn olùkọ́ ń gbé iṣẹ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ṣí dáadáa mọ́, àti pé ètò tí ń kàwé fún òun kọ̀ láti gba ìsọdọ̀tun, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní "update". A rò pé ẹ̀rọ ni ó bàjẹ́. A pa á, a tún un tàn. A tilẹ̀ bá ọmọ náà wí díẹ̀ pé kí ó má ṣe fọwọ́ kan ohun tí kò yé e. Ó fi ọ̀wọ̀ dáhùn pé, "Ẹ má bínú, mà. Kò bàjẹ́. Windows inú rẹ̀ ni ó ti gbó jù."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá kí a tó wádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Òótọ́ pọ́ńbélé ni ó sì sọ. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà, ọmọ tí ó ti ń dá kàwé fúnra rẹ̀ tún padà di ẹni tí ń dúró de ọ̀rẹ́ tí yóò kà á sí i létí. Ẹ̀bi wa ni, a sì jẹ́wọ́ rẹ̀.

Ojú tí ó wà ní etí

Aláìríran kì í wo ojú kọ̀ǹpútà, kì í sì í lo máòsì. Bọ́tìnnì ni ó ń tẹ̀, tí ohùn kan sì ń sọ fún un ohun tí ó wà níbi tí ó dé. Ètò tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ni a ó máa pè ní ètò akàwé. Ètò náà kò ní ojú tirẹ̀. Ó ń bi Windows léèrè ni: kí ni ó wà níbí? Ṣé àkọlé ni, ṣé bọ́tìnnì ni, àbí àlàfo tí a ó kọ nǹkan sí? Windows, tàbí ètò tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, yóò dáhùn. Ètò akàwé yóò sọ ìdáhùn náà di ohùn, tàbí kí ó sọ ọ́ di àmì bréèlì lórí ẹ̀rọ kékeré kan tí a ń fi ìka kà.

Ọ̀nà jíjìn ni iṣẹ́ yìí ti bọ̀. Ní ọdún 1824 ni Louis Braille, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ilẹ̀ Faransé, ṣe ètò àmì oníhò mẹ́fà tí aláìríran fi ń kàwé títí di òní. Ní Surulere tiwa níbí, láti ọdún 1962 ni ilé-ìwé Pacelli tí ìjọ Àgùdà dá sílẹ̀ ti ń fi àmì náà kọ́ àwọn ọmọ tí kò ríran, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń ti ibẹ̀ bọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama láàrin àwọn ẹlẹgbẹ́ tí ó ríran. Ní ọdún 1976, Ray Kurzweil fi ẹ̀rọ kan hàn ní Amẹ́ríkà tí ó lè ka ìwé títẹ̀ sókè. Ní ọdún 1989 ni Ted Henter, ẹni tí ìjàm̀bá ọkọ̀ gba ojú rẹ̀, gbé JAWS jáde. Ètò náà dára, ṣùgbọ́n owó ni a fi ń rà á. Nígbà tí ó di ọdún 2006, Michael Curran, ọ̀dọ́kùnrin aláìríran kan ní Ọsirélíà, bẹ̀rẹ̀ NVDA, ó sì fi ṣe ọ̀fẹ́, kí ó má baà jẹ́ pé aláìríran ni yóò máa san owó ju ẹni tí ó ríran lọ lórí kọ̀ǹpútà kan náà. NVDA yìí ni ọmọ wa ń lò.

Ìdí tí ètò akàwé fi ń béèrè fún ìsọdọ̀tun

Bí ẹni méjì bá jọ ń sọ̀rọ̀, tí ọ̀kan sì yí èdè rẹ̀ padà, àfi kí ẹnì kejì kọ́ èdè tuntun náà, tàbí kí ìjíròrò parí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí láàrin ètò akàwé àti Windows. Ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì àti ètò tí a fi ń wò ó ń yí padà lọ́pọ̀ ìgbà lọ́dún. Ẹni tí ó ríran yóò kàn wo ibi tí wọ́n gbé bọ́tìnnì lọ. Aláìríran lè gbọ́ "bọ́tìnnì" láìgbọ́ orúkọ rẹ̀, tàbí kí ó má gbọ́ nǹkan kan rárá. Nítorí èyí ni àwọn tí ń ṣe NVDA fi ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde bí ìgbà mẹ́rin lọ́dún. Ọdún wà lára orúkọ rẹ̀: 2024.1 ni ẹ̀dà kìn-ín-ní fún ọdún 2024.

Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀dà tuntun ni ó ní irú Windows tí ó lè gbé e. Ẹ̀dà 2017.3 ni ó parí fún àwọn tí ń lo Windows XP àti Vista. Ẹ̀dà 2023.3 ni ó parí fún Windows 7, nítorí 2024.1 béèrè fún Windows 8.1 tàbí èyí tí ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ Microsoft fúnra rẹ̀ ti jáwọ́ nínú ìtọ́jú Windows 7 láti ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2020. Chrome pẹ̀lú dúró lórí ẹ̀dà 109 fún un. Windows 7 sì ni ó wà nínú kọ̀ǹpútà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a fi tọkàntọkàn gbà. Ẹ̀bùn náà kò bàjẹ́. Àkókò ni ó kọjá lórí rẹ̀.

A gbé wọn lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní Yaba. Ó ní méjì lè gba Windows 10 bí a bá fi kún agbára ìrántí wọn. A ṣe bẹ́ẹ̀, NVDA tuntun sì wọlé sí wọn. Méjì yòókù wà lórí ẹ̀dà 2023.3, èyí tí ó ṣì wúlò fún kíka ìwé tí a ti kó sínú kọ̀ǹpútà láìlo íntánẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dópin. Windows 11 sì ń béèrè fún ìrántí 4 GB, àyè ìkóǹkansí 64 GB, àti ohun ààbò kan tí a ń pè ní TPM 2.0, èyí tí kò sí nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́. Ẹni tí kò bá múra sílẹ̀ yóò tún bá ara rẹ̀ níbi tí a ti wà ní ọdún 2024.

Ìsọdọ̀tun pẹ̀lú ọgbọ́n

Ẹ má ṣe rò pé a ní kí ẹnikẹ́ni máa tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" ní gbogbo ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ti béèrè. Ìsọdọ̀tun a máa mú ìṣòro tirẹ̀ wá. Ẹ̀dà kìn-ín-ní inú ọdún lè kọ àwọn àfikún tí a ṣe fún ẹ̀dà àtijọ́, títí kan ohùn tí etí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀. Bí ohùn kò bá padà wá, ìkéde tí ó ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ wà lójú kọ̀ǹpútà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè rí i kà. Ohun tí yóò jẹ́ ìnira wákàtí kan fún ẹni tí ó ríran lè di òkùnkùn ọjọ́ mẹ́ta fún un. Nítorí náà ni a ṣe fi ìlànà wọ̀nyí lélẹ̀.

Èkínní, ìgbà ìsinmi ni a ń ṣe ìsọdọ̀tun, kì í ṣe nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Èkejì, kí a tó bẹ̀rẹ̀, a ó ṣe ẹ̀dà NVDA tí ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ sórí fíláàṣì; ètò náà lè ṣiṣẹ́ láti orí fíláàṣì láìjẹ́ pé a fi í sínú kọ̀ǹpútà, nítorí náà ohùn kò ní pòórá pátápátá. Ẹ̀kẹta, a ó kọ́kọ́ wò ó bóyá àwọn àfikún tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò ti bá ẹ̀dà tuntun mu. Ẹ̀kẹrin, a kò ní bẹ̀rẹ̀ bí bátìrì kò bá kún tàbí bí dátà kò bá tó, nítorí gbogbo wa ni a mọ bí iná ṣe ń ṣe ní Mushin àti Surulere. Ẹ̀karùn-ún, ẹni tí ó ríran yóò jókòó tì í, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí ó ni ohùn ni yóò wà lórí bọ́tìnnì.

Èdè Yorùbá nínú etí ẹ̀rọ

Ohun kan tún wà tí ó kan àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá. Ẹ̀dà 2024.3 mú ètò tuntun kan wá. Ẹ wo lẹ́tà "ọ́", tí ó ní àmì lábẹ́ àti lókè. Nínú Unicode, ìyẹn tábìlì nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà gbogbo àgbáyé fi ń mọ lẹ́tà, kò sí àyè kan ṣoṣo fún un. A ń tò ó pọ̀ láti ara ègé méjì tàbí mẹ́ta ni. Bí ẹnì kan ṣe tò ó lè yàtọ̀ sí bí ẹlòmíràn ṣe tò ó. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Létí ẹ̀rọ, wọ́n yàtọ̀. Ètò tuntun yìí ń sọ irú àwọn tí ó yàtọ̀ bẹ́ẹ̀ di ọ̀kan kí ó tó kà wọ́n.

Èyí kò wí pé ohùn tí a ṣe fún Gẹ̀ẹ́sì yóò mọ Yorùbá í sọ. Lẹ́nu rẹ̀, ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ kò yàtọ̀ síra. Ṣùgbọ́n bí àwa fúnra wa kò bá fi àmì sí i nígbà tí a ń tẹ̀ ẹ́, ohùn Yorùbá tí ó dára jù lọ pàápàá kò ní mọ èyí tí a ní lọ́kàn. Bí a bá sì ya fọ́tò ìwé ránṣẹ́ dípò kí a tẹ̀ ẹ́, àwòrán lásán ni ètò akàwé yóò bá. Nítorí náà ni a fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ máa tẹ ohun tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ fún ìwé àjọ̀dún wa, kí ẹ sì fi àmì sí i.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún

Nígbà tí Bátíméù kígbe pe Olúwa wa lójú ọ̀nà Jẹ́ríkò, gbogbo ènìyàn ni ó rí i pé afọ́jú ni. Síbẹ̀ Jésù kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí ó ń fẹ́. Àwa kò béèrè. A gba kọ̀ǹpútà, a dúpẹ́, a tò ó, a sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ká ní a ti bi ọmọ náà lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rẹ̀ kì bá tí ṣòfò. Òfin ilẹ̀ wa tí a bu ọwọ́ lù ní oṣù Kìíní ọdún 2019 ti kọ ìyàsọ́tọ̀ sí àwọn abirùn. Ṣùgbọ́n kí òfin náà tó wà ni Ìwé Mímọ́, nínú Léfítíkù orí 19, ti kìlọ̀ fún wa nípa ohun ìkọ̀sẹ̀ níwájú afọ́jú. Kọ̀ǹpútà tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ lè di ohun ìkọ̀sẹ̀, bí a tilẹ̀ fi ìfẹ́ gbé e kalẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, bí ẹ bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ta wá lọ́rẹ, ẹ wò ó bóyá ó lè gba Windows 11. Ẹ ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn kan nínú yín ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yaba níbí. Ọjọ́ kan péré ní ìgbà ìsinmi kọ̀ọ̀kan tó láti mú gbogbo ẹ̀rọ wa bá ìgbà mu. Ẹ̀yin òbí, bí ojú màmá tàbí bàbá yín bá ti ń ṣú, ó ṣeé ṣe kí irú ètò akàwé yìí ti wà nínú fóònù yín: TalkBack lórí Android, VoiceOver lórí iPhone. Kò sí owó tí a ó san lé e. Ẹ tàn án fún wọn, ẹ sì kọ́ wọn sùúrù rẹ̀.

Ọmọbìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ wa ní ọdún 2025. Akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ni òun náà lónìí. Kí ó tó lọ, ó fi fíláàṣì kan sílẹ̀ fún àwọn àbúrò rẹ̀, ó sì fi bréèlì kọ orúkọ ẹ̀dà tí ó wà nínú rẹ̀ sára rẹ̀. A bi í ní ohun tí ó fẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fún ilé-ẹ̀kọ́. Ó ní kí wọ́n má tíì ra òmíràn, kí wọ́n kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò máa tọ́jú èyí tí ó wà.

Yóò ka ìwé yìí pẹ̀lú yín. Ìdí nìyí tí a fi tẹ ẹ̀dà tirẹ̀ ní lẹ́tà tí ètò akàwé lè kà, tí a sì fi àmì sí gbogbo rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí Ọlọ́run bùkún ọwọ́ tí ó fi fúnni, kí ó sì bùkún ọwọ́ tí yóò máa tọ́jú.