Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Tó Wúwo Ń Jẹ Epo

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń kàwé lọ́dọ̀ wa ní Ìlọrin jẹ́ awakọ̀ takisí. Láti ọdún 2023 tí ìjọba yọ ìrànwọ́ kúrò lórí epo pẹtiróòlù, tí lítà kan fò láti nǹkan bíi ₦200 kọjá ₦480 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò fi epo ṣeré mọ́. Ẹnì kan fẹ́ ta ríìmù alóì ńláńlá fún un. Ó bi wá pé, "Ọ̀gá tíṣà, wọ́n ní ó máa ń dín epo kù. Ṣé òótọ́ ni?"

Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ dojú kẹ̀kẹ́ ológeere dé, kí ẹ fọwọ́ yí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ bọ́ táyà kúrò, kí ẹ tún un yí. Ríìmù òfìfo kò fẹ́ agbára púpọ̀. Èyí tó ní táyà lára fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti mọ́tò. Ẹrù inú búùtù ń lọ síwájú nìkan ni, ṣùgbọ́n táyà ń lọ síwájú, ó sì tún ń yí. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá ń gbéra, kílò kan létí táyà fẹ́ẹ̀ dà bíi kílò méjì nínú búùtù. Epo ló ń san agbára yẹn. Bí a bá tẹ bíréèkì, agbára náà á di ooru, ó ṣòfò nìyẹn. Ẹni tó ń ná Ọjà Ọba sí Post Office, tó ń dúró gbé èrò ní gbogbo ìgbà, mọ ohun tí à ń sọ. Ẹni tó ń sáré lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní ìyọnu yìí tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n èló ni? Ìjọba Amẹ́ríkà ṣírò pé ẹrù kílò 45, tó kù díẹ̀ kó tó àpò sìmẹ́ǹtì kan, ń jẹ nǹkan bí ìdá 1 nínú 100 epo. Ká ní ríìmù kọ̀ọ̀kan fi kílò 2 fúyẹ́, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 8. Ẹ kà á ní ìlọ́po méjì, ó di 16. Nínú epo ₦10,000, kò tó ₦50. Ríìmù ńláńlá yẹn sì nìyí, alóì tó tóbi lè wúwo ju irin kékeré lọ!

Afẹ́fẹ́ táyà ńkọ́? Bí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá fi 10 dín lórí géèjì, nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 epo ti lọ: ₦200 nínú ₦10,000.

A ní kí awakọ̀ wa ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, kó ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Ó kà á fúnra rẹ̀: 32. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí táyà tó gbóná, fọganáísà fi géèjì wọ̀n ọ́n: 22.