Ìgbà tí Ọkà Bàbà Ń Yọrí

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń gbin ọkà bàbà ní ìhà Ṣakí, Ìgbòho àti Kìṣí ti rí i pé, bí a gbin irúgbìn ìbílẹ̀ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, tí a sì gbin òmíràn ní oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, àwọn méjèèjì yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ yọrí pọ̀. Èyí tí a tètè gbìn yóò kàn ga jù ni. Gígùn ọ̀sán ni ọkà náà ń wò.

Ní agbègbè yìí, ọ̀sán oṣù Kẹfà fi bí wákàtí kan gùn ju ti oṣù Kejìlá lọ. Ènìyàn lè má fura, ṣùgbọ́n ọkà bàbà mọ̀ ọ́n, nípa jíìnì, èyíinì ni àbùdá tí irúgbìn jogún. Ní 1945, Quinby àti Karper ní Texas, ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé jíìnì mẹ́ta ń ṣe àkóso ìgbà yíyọrí. Èyí tí ó lágbára jù ni a ń pè ní Ma1. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀sán bá gùn, Ma1 a dá yíyọrí dúró, ewé àti igi ni ọkà yóò máa mú jáde. Bí ọ̀sán bá kúrú, ìdádúró náà tán. Inú ẹbí kan náà ni jíìnì Ppd-1 wà, èyí tí àlìkámà fi ń mọ gígùn ọ̀sán.

Èrè wo ni ó wà nínú ìdúró yìí? D. L. Curtis, tí ó ṣe ìwádìí ní Samaru lẹ́bàá Zaria, tẹ ìdáhùn jáde ní 1968: ọkà bàbà ìbílẹ̀ a máa yọrí ní déédéé ìgbà tí òjò ìlú rẹ̀ ń lọ. Àwọn baba ńlá wa tí ń ṣa orí tí ó dára pamọ́ fún irúgbìn ni ọpẹ́ yẹ. Orí tí ó gbó nínú òjò yóò bu, ẹyẹ ẹ̀gà yóò sì ya bò ó. Èyí tí ó pẹ́ jù, omi ilẹ̀ yóò gbẹ kí ọmọ rẹ̀ tó kún, yóò sì hunjọ.

Nítorí náà, ẹ ṣọ́ra fún irúgbìn ọ̀nà jíjìn, bí ó ti wù kí ó mọ́ tó. Èyí tí ó ti òkè Àríwá wá, níbi tí òjò ti ń tètè lọ, lè yọrí láàárín òjò tiwa. Èyí kò sọ irúgbìn ayára di búburú: bí a bá pẹ́ kí a tó gbìn, òun ni ó lè gbà wá. Ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ kò pọ̀, orí rẹ̀ sì kéré, nítorí náà ẹ gbìn ín súnmọ́ ara wọn.

Kí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó ra irúgbìn tuntun fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ẹ gbin díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín ní ọjọ́ kan náà. Ẹ kọ ọjọ́ tí ìdajì wọn yọrí sílẹ̀, àti ọjọ́ òjò tí ó kẹ́yìn, kí ẹ sì wọn ọkà tí ẹ pa lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ ṣe é ní ọdún méjì ó kéré tán, nítorí òjò ọdún kan kì í jọ ti èkejì.