Yíyan Ibùwọ̀ fún Ìsinmi Ọjọ́ Díẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Láìsí Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́

Ìnira kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá ń bá pàdé nígbà tí wọ́n bá lọ kí àwọn ọmọ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ a jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ọmọ-ọmọ a gba ilé ẹ̀kọ́ lọ, bàbá àti ìyá a wá jókòó ti ẹ̀rọ tí ń mú ilé móoru, wọn a máa wo ìta láti ojú fèrèsé. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá pé, wọn a padà sílé láìmọ ohunkóhun nípa ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju yàrá àlejò ọmọ wọn àti ọjà Peckham lọ.

Bí irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀, tàbí ẹnikẹ́ni mìíràn tí ariwo Lọ́ńdọ̀nù ti sú, bá pinnu láti fi ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin najú ní ìgbèríko, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí wọn lọ́kàn ni ọkọ̀ tí wọn yóò wà. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wíwà sì nìyí: láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti fi apá òsì títì sílẹ̀, tí ó sì ń gba apá ọ̀tún, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò kúrò ní apá òsì. Ojú ọ̀nà ìgbèríko wọn tún há. Ewéko a dí i lọ́tùn-ún lósì, bí ọkọ̀ méjì bá sì pàdé, àfi kí ọ̀kan fi ẹ̀yìn rìn padà. Ta ni yóò pe ìyẹn ní ìsinmi? Ó sàn kí onítọ̀hún jẹ́ kí ẹlòmíràn wa ọkọ̀, kí òun jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Ọkọ̀ ojú irin àti bọ́ọ̀sì wà fún èyí, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lè ṣe é lóore, ó gbọ́dọ̀ mọ ibùwọ̀ í yàn, nítorí ibi tí ó bá sùn ní òru ni yóò sọ bí ọ̀sán rẹ̀ yóò ti rí.

Àwòrán ni ó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Wọn a rí àwòrán abúlé Bibury ní agbègbè Cotswolds, pẹ̀lú ọ̀wọ́ ilé òkúta àtijọ́ tí ó wà nítòsí odò, wọn a sì sanwó yàrá níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò sí ibùdókọ̀ ojú irin ní Bibury. Bọ́ọ̀sì tí ń gba ibẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ yóò wo ilé òkúta náà tán láàárín wákàtí kan, yóò sì wá di ẹlẹ́wọ̀n ẹwà. Kì í ṣe pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò la ojú irin sí ìgbèríko wọn. Wọ́n là á dé ibi púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1963, Ọ̀mọ̀wé Richard Beeching, tí ó jẹ́ alága àjọ rélùwéè, gbé ìwé kan jáde pé púpọ̀ nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí kò mú èrè wá. Ó dámọ̀ràn pé kí wọ́n ti ibùdókọ̀ 2,363, kí wọ́n sì pa ojú irin tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 5,000 máìlì tì. Wọn kò ṣe gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe kò kéré. Keswick, ìlú olókìkí ní agbègbè àwọn adágún ní apá àríwá, pàdánù ọkọ̀ ojú irin tirẹ̀ ní ọdún 1972. Nítorí náà, òkìkí ìlú kò fi hàn pé ọkọ̀ ń dé ibẹ̀.

Ìlú tí ó yẹ kí irú arìnrìn-àjò bẹ́ẹ̀ sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sí ni èyí tí ó ti lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ibùdókọ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tòun ti àpótí lọ́wọ́. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, owó takisí ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó sì yẹ kí ojú irin tàbí bọ́ọ̀sì yà láti ibẹ̀ lọ sí ọ̀nà bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí òní má ba à jọ àná. Àwọn tí wọ́n gbọ́n a máa ka ìwé àkókò ọkọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: ọkọ̀ tí ó kẹ́yìn ni wọ́n ń wá, kì í ṣe èyí tí ó kọ́kọ́ lọ. Ní ìgbèríko, bọ́ọ̀sì mìíràn a máa kẹ́yìn ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn oṣù kẹfà ṣì ku bíi wákàtí mẹ́ta kí ó tó wọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, òmíràn kì í rìn rárá.

Ohun tí ènìyàn kì í sábà rò ni pé ìlú náà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó jókòó sí. Òjò yóò rọ̀ lọ́jọ́ kan, orúnkún yóò máa dunni lọ́jọ́ kejì. Ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ilé tíì, ilé ìtàwé àti ibi àtijọ́ kan wà tí kò ju ìrìn díẹ̀ lọ.

Bí ènìyàn bá fi èyí wọn àwọn ìlú tí wọ́n gbajúmọ̀, York yege: odi àtijọ́ rẹ̀, tí ènìyàn lè gorí rẹ̀ rìn ní nǹkan bí máìlì méjì, kò jìnnà sí ibùdókọ̀, ọkọ̀ ojú irin sì ń ti ibẹ̀ lọ sí Durham, Leeds àti Scarborough. Ariwo òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni àbùkù rẹ̀. Windermere náà dára. Ọkọ̀ ojú irin ti ń dé ibẹ̀ láti ọdún 1847, bọ́ọ̀sì sì ń ti ẹnu ibùdókọ̀ gan-an lọ sí Ambleside àti Grasmere. Ti Whitby létí òkun ni ó ṣòro: láti Middlesbrough, ó tó wákàtí kan ààbọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ ọ̀hún kò sì pọ̀ lójúmọ́. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn Whitby tó bẹ́ẹ̀, kí ó lọ, ṣùgbọ́n kí ó lọ jókòó síbẹ̀ ni.

Fún ẹni tí ó ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀, ìlú kan wà tí òkìkí rẹ̀ kò tó ti àwọn wọ̀nyí, tí ó sì sàn jù wọ́n lọ fún iṣẹ́ yìí. Lewes ni, ní East Sussex. Àwọn ará ibẹ̀ a máa pè é bí ẹni pe Lúìsì. Láti ibùdókọ̀ Victoria, ó gba nǹkan bí wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọkọ̀ náà ń gba pápá ọkọ̀ òfurufú Gatwick kọjá, níbi tí Air Peace ti bẹ̀rẹ̀ sí fò dé láti Èkó ní oṣù kẹta ọdún 2024, nítorí náà àlejò lè ti orí òfurufú bọ́ sí Lewes láìtilẹ̀ wọ Lọ́ńdọ̀nù. Ojú irin pín síbẹ̀ bí ẹ̀ka igi: ọ̀kan lọ sí Brighton, ìkejì sí Eastbourne, ìkẹta sí Seaford. Ọ̀kan tí ó lọ sí Uckfield kú ní ọdún 1969. Bọ́ọ̀sì ni ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nísinsìnyí.

Ìlú náà tó wò. Ilé olódi tí àwọn Normani kọ́ ṣì dúró lórí òkè láàárín ìlú. Ẹni tí ó bá gun orí rẹ̀ yóò rí pápá tí Simon de Montfort ti ṣẹ́gun Ọba Henry Kẹta ní ọdún 1264. Ilé tí Thomas Paine gbé láti ọdún 1768 sí 1774, kí ó tó lọ di ìlú-mọ̀ọ́ká ní Amẹ́ríkà, ń bẹ ní òpópónà gíga ibẹ̀. Ilé kan tún wà tí wọ́n ń pè ní ti Anne ará Cleves: Ọba Henry Kẹjọ fi í ṣe ọ̀kan nínú ohun ìpẹ̀tù fún ayaba tí ó kọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò gbé inú rẹ̀ rí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ jáde yóò dé Brighton láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní ọjọ́ mìíràn, yóò wọ ọkọ̀ Seaford, yóò sọ̀ ní Southease, ibùdókọ̀ kékeré tí koríko yí ká, yóò sì fi ẹsẹ̀ rìn sọdá odò Ouse dé abúlé Rodmell, níbi tí ilé Virginia Woolf òǹkọ̀wé wà. Òun àti ọkọ rẹ̀ ra ilé náà ní ọdún 1919. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣí i, kí àlejò kọ́kọ́ béèrè. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le ni kí ó lọ dé òpin ojú irin ní Seaford, kí ó gun òkè létí òkun. Láti ibẹ̀ ni yóò ti rí àwọn bèbè gíga méje tí wọ́n ń pè ní Seven Sisters, funfun bí ẹfun. Kí ó má ṣe sún mọ́ etí wọn o, nítorí wọn a máa ya lulẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀.

Lewes ní àléébù tirẹ̀. Àfonífojì ni ibùdókọ̀ wà, òpópónà gíga sì wà lókè. Bí àgbàlagbà bá ń bọ̀, kí wọ́n wá yàrá sí apá Southover tàbí Cliffe, tí ilẹ̀ ti tẹ́jú díẹ̀. Èkejì ni ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá. Láàárín ọdún 1555 sí 1557, wọ́n dáná sun ènìyàn mẹ́tàdínlógún ní Lewes nítorí ẹ̀sìn. Ìrántí wọn àti ti ọ̀tẹ̀ ọdún 1605 ni àwọn ará ìlú fi ń gbé ògùṣọ̀ kiri ní òru ọjọ́ náà. Ojú títì a di títì pa, ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí sì ni ọkọ̀ ojú irin kì í dúró níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá sì ń gbá bọ́ọ̀lù ní Falmer, láàárín Lewes àti Brighton, ọkọ̀ a kún dẹ́nu. Ní ọjọ́ Àìkú, wọn a máa tún ojú irin ṣe, wọn a sì fi bọ́ọ̀sì rọ́pò ọkọ̀. Ìdí nìyí tí ó fi sàn kí ènìyàn lọ ní ọjọ́ Ajé, kí ó padà ní ọjọ́bọ̀.

Ní ti owó, tọkọtaya tí wọ́n bá gba káàdì tí wọ́n ń pè ní Two Together yóò máa rí ìdá mẹ́ta owó ọkọ̀ ojú irin yọ, bí wọ́n bá jọ ń rìn lẹ́yìn agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀.

Ó ku oúnjẹ. Ilé èrò púpọ̀ kì í dáná láàárín ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́. Bàbá tí kò bá lè sùn láìjẹ òkèlè, yàrá tí ó ní ilé ìdáná kékeré ni kí ọmọ rẹ̀ bá a wá, kí ìyá sì di èlùbọ́ díẹ̀ sínú àpótí, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti wúwo ju ohun tí wọ́n lè fà láti ibùdókọ̀ lọ.