Ìgbafẹ́ Orí Omi Kò Jìnnà: Ọ̀sà láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́

Bí ọdún bá ti ń lọ sópin, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wádìí iye tí yóò ná wọn láti lọ sinmi ní erékùṣù Zanzibar tàbí Maldives. Kò burú fún ẹni tí owó rẹ̀ bá ká a. Ṣùgbọ́n omi tó tẹ́jú, igi àgbọn àti ẹja tútù tí wọ́n ń wá lọ wà nítòsí wa, láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Àlàyé ìgbà tó dára jù láti lọ, àti bí a ṣe lè lọ láìfi ẹ̀mí wewu, ni a fẹ́ ṣe níhìn-ín.

Ọ̀sà Èkó gùn ju kìlómítà 50 lọ. Fífẹ̀ rẹ̀ sì wà láàárín kìlómítà 3 sí 13. Ilẹ̀ iyanrìn tóóró ló yà á sọ́tọ̀ kúrò lára òkun, ẹnu èbúté Èkó nìkan ni omi méjèèjì ti ń pàdé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ a máa gba ibẹ̀ wọlé; nígbà òjò, odò Ògùn, Ọ̀ṣun àti àwọn mìíràn a da omi tí kò níyọ̀ sínú rẹ̀. Bí a bá ṣe ń sún mọ́ Ẹ̀pẹ́ sí i ni iyọ̀ náà ń dín kù.

Ìyípadà yìí ló ń sọ ìgbà tí ó yẹ kí ènìyàn jáde. Ní ọdún 1984 ni ewéko olódòdó elésè àlùkò kan bẹ̀rẹ̀ sí í bo omi Èkó. Kì í ṣe ojú oró, kì í sì í ṣe òṣíbàtà tí àwọn àgbà fi ń ṣe ìwúre. Àlejò ni, a sì máa há mọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀. Òjò ló ń mú un gbilẹ̀, iyọ̀ ló sì ń pa á. Nítorí náà, láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kẹta ni ojú omi mọ́ jù. Bí ọyẹ́ bá mú kí kùrukùru bolẹ̀, ẹ dúró kí oòrùn yọ dáadáa.

Láti èbúté Ìpákodò ní Ìkòròdú, a lè rí àwọn apẹja Bàyẹ̀kú àti Ìjẹ̀dẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn omi lè gba ojú títì Ìtóìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Ẹ̀pẹ́ gan-an ló tó wò. Ní ọjà Olúwo, àrọ̀, epìyà àti ọ̀bọ̀kún kún orí àtẹ, àwọn obìnrin sì ń pa ẹja fún oníbàárà lójú ẹsẹ̀. Ìlú náà ní apá Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ àti apá Èkó Ẹ̀pẹ́. Apá kejì ni àwọn tó bá Ọba Kòsọ́kọ́ sá wá lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé e kúrò ní Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851. Ibẹ̀ ló wà nígbà tó fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú wọn ní ọdún 1854, kò sì padà sí Èkó títí di 1862. Ọdún Káyókáyó tí Èkó Ẹ̀pẹ́ ń ṣe lọ́dọọdún ni wọ́n fi ń rántí bíbọ̀ rẹ̀.

Nínú omi tó yí Ẹ̀pẹ́ àti Lẹ́kí ká ni ẹran omi ńlá kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní manatee. Koríko ló ń jẹ, kì í bu ènìyàn jẹ. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1985 lórí àwọn ẹranko tó ń kú àkúrun ka pípa rẹ̀ léèwọ̀, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń dọdẹ rẹ̀ nítorí ẹran. Bẹ́ẹ̀ náà ni igi ẹ̀gbà, tí gbòǹgbò rẹ̀ ń ta sínú omi: abẹ́ rẹ̀ ni ọmọ ẹja àti alákàn ti ń dàgbà. Ẹni tó gé e fún igi ìdáná, tàbí tó wa iyanrìn ní ìdí rẹ̀, ń dín ẹja ọjà Olúwo kù. Lójú tiwa, èyí burú ju ewéko àlejò yẹn lọ, nítorí iyọ̀ kì í wá tún un ṣe.

Kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ béèrè ẹ̀wù amúniléfòó, kí ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ sì dè é. Ẹ má fi ṣe ìjókòó. Èbúté tí LASWA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ọ̀nà orí omi, fọwọ́ sí ni kí ẹ ti wọkọ̀. Bí èrò bá ti pọ̀ ju àyè lọ, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀sà náà kò jìn ní ibi púpọ̀, òkìtì iyanrìn àti kùkùté igi sì wà lábẹ́ omi tí atukọ̀ kò lè rí lálẹ́. Ẹ rí i pé ẹ ti padà dé èbúté kí ilẹ̀ tó ṣú.