Ilé Oko Hampton àti Àwọn Tó Tọ́jú Ẹṣin Níbẹ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá dé Hampton, nítòsí Towson ní ìpínlẹ̀ Maryland l'Amẹ́ríkà, ilé ńlá orí òkè ni wọ́n ń wò. Ó tó wò lóòótọ́: ọdún 1790 ni wọ́n kọ́ ọ parí. Ṣùgbọ́n ilé ẹṣin ni èmi bá lọ.

Méjì ni, òkúta sì ni wọ́n fi mọ méjèèjì. Àkọ́kọ́ ti wà láti nǹkan bí ọdún 1805. Charles Carnan Ridgely, tó ni Hampton nígbà náà, tó sì ṣe gómìnà Maryland láti 1816 sí 1819, fẹ́ràn eré ẹṣin púpọ̀. Post Boy, ẹṣin rẹ̀ kan, gba ife-ẹ̀yẹ ní Washington. Mo fọwọ́ kan ògiri. Ó nípọn, ó tutù, òjò àti yìnyín ò lè yọ ẹṣin inú rẹ̀ lẹ́nu. Ta ló ń jí fún ẹṣin ní koríko? Ta ló ń gbá ìgbẹ́ rẹ̀, tó ń di gàárì fún un? Ẹrú ni. Ẹni tó lẹ́rú ló lẹ́rù: Ridgely ló gba ife.

Mo sọdá títì Hampton Lane sí apá oko. Ilé wàrà wà níbẹ̀, tí wọ́n darí omi ìsun gba inú rẹ̀ kí wàrà má baà kan. Lókè rẹ̀ ni ilé oko wà, ilé pákó tó dàgbà ju ilé ńlá lọ, níbi tí alábòójútó oko ń gbé. Ilé òkúta àwọn ẹrú kò jìnnà sí i ju ibi tí èèyàn lè ti pe ẹnìkejì rẹ̀ kó sì gbọ́ lọ. Gbogbo ẹni tó bá jáde níbẹ̀, ojú alábòójútó ń tó o.

Ibí yìí ni mo pẹ́ sí jù. Ẹrú Ridgely ju 300 lọ. Nígbà tó kú ní 1829, ìwé ìhágún rẹ̀ dá obìnrin tó ti pé ọdún 25 àti ọkùnrin tó ti pé 28 sílẹ̀. Àwọn ọmọdé ní láti dúró títí wọn ó fi pé ọjọ́ orí yẹn. Ẹni tó bá sì ti ju 45 lọ, òfin Maryland ò gbà kí wọ́n dá a sílẹ̀. Ìyá á gba òmìnira, ọmọ rẹ̀ á ṣì wà lóko ẹrú. Ọmọ gómìnà tó jogún ilé náà tún ra ẹrú mìíràn. Ìkéde òmìnira ẹrú tí Ààrẹ Lincoln ṣe ní 1863 ò kan Maryland, torí kò bá àwọn ìpínlẹ̀ tó ṣọ̀tẹ̀ sí ìjọba Amẹ́ríkà lọ. Ó di ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 1864 kí ẹrú tó tán níbẹ̀.

Ní 1948, ilé ńlá di ti ìjọba, àwọn Ridgely tó kù sì kó wá sílé alábòójútó. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àwọn olùwádìí ti ń fi ìwé àtijọ́ ìdílé náà wá àtọmọdọ́mọ àwọn ẹrú Hampton kiri, wọ́n sì ti rí lára wọn.