Ynés Mexía: ẹni ọdún 51 tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ nítorí ewé

Ní ọdún 1921, obìnrin kan wọ yàrá ẹ̀kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìlú Berkeley, ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹni ọdún 51 ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó bá jókòó kéré tó láti jẹ́ ọmọ rẹ̀. Kì í ṣe olùkọ́ wọn; akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwọn ni. Ohun tí ó wá kọ́ ni ìmọ̀ nípa ewéko. Orúkọ rẹ̀ ni Ynés Mexía, èyí tí a ń pè ní Inẹ́ẹ̀sì Mẹ̀híà.

Ní ọdún 1870 ni a bí i ní ìlú Washington. Ọmọ ilẹ̀ Mẹ́síkò ni baba rẹ̀, ó sì ń ṣojú ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọmọ Amẹ́ríkà ni ìyá rẹ̀. Ọmọ náà kéré nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ pín yà. Láàárín ilẹ̀ méjì àti èdè méjì ni ó dàgbà sí: èdè Sípéènì ti baba, àti èdè Gẹ̀ẹ́sì ti ìyá.

Ayé kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó lọ́kọ ní Mẹ́síkò, ọkọ náà sì kú ní ọdún 1904. Ó tún ọkọ fẹ́, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó kejì tú ká. Òwò adìẹ tí ó ń ṣe kò bá a kalẹ́. Nígbà tí ó fi máa tó nǹkan bí ogójì ọdún, àárẹ̀ ti mú ara àti ọkàn rẹ̀. Ó kó lọ sí ìlú San Francisco láti wá ìwòsàn.

Níbẹ̀ ni ó ti bá ẹgbẹ́ kan pàdé, tí à ń pè ní Sierra Club. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà a máa rìn lórí òkè àti nínú igbó, wọ́n sì ń jà kí a má ṣe pa igbó run. Ynés ń bá wọn rìn, ọkàn rẹ̀ sì ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó rí àwọn igi ńlá Kalifọ́níà, tí òmíràn nínú wọn ga ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ. Ìfẹ́ igi àti ewé wọ̀ ọ́ lára. Ìfẹ́ yìí ni ó mú un padà sí ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìgbà tí a bá jí ni òwúrọ̀ ẹni.

Ní ọdún 1925, ó bá àwọn onímọ̀ lọ sí Mẹ́síkò láti wá ewé. Kò pẹ́ tí ó fi yà kúrò lára wọn, tí ó sì ń dá ṣe tirẹ̀. Ó já bọ́ láti orí àpáta, egungun ìhà rẹ̀ ṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì fara pa. Ó padà sílé lọ gba ìtọ́jú. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó tún gbéra. Ní ọdún 1928, ó lọ sí Àlásíkà, ilẹ̀ òtútù àti yìnyín.

Àwọn kan sọ pé obìnrin kò lè dá rìnrìn-àjò ní gúúsù Amẹ́ríkà. Kò bá wọn jiyàn. Ó lọ wò ó fúnra rẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Bràsíìlì, ó gba orí odò Amasóní títí dé Pérù, ìrìn nǹkan bí 4,800 kìlómítà. Nígbà tí ọkọ̀ ńlá kò lè lọ mọ́, ó bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré tí a ń fi àjẹ̀ tù, pẹ̀lú àwọn ọkùnrin tí ó háyà. Òjò àti àkúnya omi dá wọn dúró fún oṣù mẹ́ta láàárín àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Aguaruna. Igi fífúyẹ́ tí a so pọ̀ ni wọ́n gùn padà. Ó lé ní ọdún méjì tí ó lò ní ìrìn-àjò náà, ó sì kó nǹkan bí 65,000 ewé bọ̀.

Kí ni a ń fi ewé gbígbẹ ṣe? Ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ yìí a gé ẹ̀ka kékeré pẹ̀lú ewé àti òdòdó rẹ̀. A tẹ́ ẹ sí àárín ìwé, a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, a sì gbẹ ẹ́ kí ó má bàa bu. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ ibi tí ó ti rí i àti ọjọ́ tí ó já a. Bí a kò bá kọ èyí, ewé náà kò lè jẹ́rìí ohunkóhun. Bí a bá kọ ọ́, ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún lè mọ̀ bóyá ewé náà ṣì wà tàbí ó ti parẹ́. Báyìí ni àwọn onímọ̀ àyíká ṣe ń mọ ohun tí igbó ti pàdánù.

Àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró pa Ynés Mexía ní oṣù keje ọdún 1938. Ọdún mẹ́tàlá péré ni ó fi ṣe iṣẹ́ náà, síbẹ̀ ewé tí ó kó jọ lé ní 140,000. Nǹkan bí 500 irú ewéko nínú wọn ni àwọn onímọ̀ kò mọ̀ rí. Nǹkan bí 50 ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ó fi lára owó rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdáàbòbò àwọn igi ńlá Kalifọ́níà.

Kò gba ìwé ẹ̀rí kankan ní Berkeley. Ó kàn ń kọ́ ẹ̀kọ́, ó ń rìn, ó sì ń kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Àwọn ewé rẹ̀ ṣì wà nínú ilé ìpamọ́ ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù, ìwé pélébé sì wà lára wọn tí ó ń sọ ibi tí wọ́n ti wá. Ẹni tí ó pẹ́ kí ó tó mú kálàmù ni ó fi ẹ̀rí yìí sílẹ̀ fún ayé.