Títọpa Ìran Afala, Ìyá Bíṣọ́ọ̀bù Crowther

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní ìyá ńlá kan tí a kò mọ̀ ju orúkọ ìrìbọmi rẹ̀ lọ. A dé ọ̀dọ̀ Hannah tàbí Sarah nínú ìwé ìjọ, ọ̀nà sì dí. Nítorí náà ni a ṣe mú ọ̀ràn Afala, ìyá Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Ẹ̀rí kìíní ni lẹ́tà tí Crowther kọ sí Àlùfáà William Jowett ní 1837. Ó ròyìn bí a ti kó ìlú Òṣogùn ní 1821, tí a sì mú òun, ìyá rẹ̀, arábìnrin rẹ̀ méjì, tí ọ̀kan jẹ́ ọmọ-ọwọ́ bí oṣù 10, àti ìbátan wọn kan. Níbẹ̀ ni a ti mọ agbo ilé náà àti ìlú wọn.

Ẹ̀rí kejì ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ ojoojúmọ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù August, 1846, ó kọ ọ́ pé ìyá òun, tí òun kò rí fún nǹkan bí ọdún 25, wá òun wá pẹ̀lú arákùnrin òun ní Abẹ́òkúta.

Ẹ̀kẹta ni ìrìbọmi: ní ọjọ́ 5 oṣù February, 1848, Afala di Hannah. Ẹni tí ó bá ń wá Hannah nìkan kì yóò dé Òṣogùn láé; ẹni tí ó bá sì ń wá Afala nìkan lè kọjá lára rẹ̀ nínú ìwé ìjọ. Ibi tí orúkọ méjèèjì ti pàdé ni ilẹ̀kùn wà.

Ṣáájú Afala, ẹnu ni a ó gbójú lé. Ìtàn ẹbí sọ pé ìran Aláàfin Abíọ́dún ni í ṣe. Kí a kọ èyí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ẹnu, kí a sì fi oríkì orílẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí obìnrin kì í fi oríkì ilé baba rẹ̀ sílẹ̀ nílé ọkọ. Bí a kò bá bá ìtàn, a ó bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn.

Afala sùn ní 1883. Nítorí pé ọmọ rẹ̀ di bíṣọ́ọ̀bù ni ìwé fi rántí rẹ̀. Àwọn ìyá tiwa kò ní irú akọ̀wé bẹ́ẹ̀. Ẹnu àwọn arúgbó ni oríkì wọn wà, arúgbó kì í sì í dúró de ọmọ títí. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ará, ẹ tọ̀ wọ́n lọ nísinsìnyí. Ẹ kọ orúkọ àbísọ àti ti ìrìbọmi pọ̀, ìlú baba, oríkì, ẹni tí ó sọ ọ́, àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́.